Ẹja Ìyá Alábẹ́rẹ́ àti Alábàágbé Rẹ̀

Bí o bá béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pe obìnrin náà ní Ìyá Alábẹ́rẹ́, ìdí méjì ni wọn yóò sọ fún ọ. Àwọn tó ń bẹ̀rù rẹ̀ á ní nítorí pé iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe. Àwọn tí kò bẹ̀rù rẹ̀ á ní nítorí ẹnu rẹ̀ ni. Òun alára kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní abẹ́rẹ́ tí kò lè gún nǹkan, kí ni èèyàn fẹ́ fi í ṣe?

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi. Yàrá kan ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí títì, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní. Abẹ́ fèrèsé yẹn ni máṣíìnì wà, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sórí abẹ́rẹ́. Tábìlì tó fi ń gé aṣọ wà láàárín, tábìlì áyọ́ọ̀nù wà nítòsí ògiri ẹ̀yìn, jígí gíga kan sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tí àwọn oníbàárà ti máa ń yí sọ́tùn-ún yí sósì bí wọ́n bá wá wọ aṣọ wò. Ara ògiri tó kù ni òwú wà. Ó tò wọ́n láti orí funfun títí dé orí dúdú, gbogbo àwọ̀ tó wà láàárín dúró sí àyè tirẹ̀ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Bí èèyàn bá yọ pupa kan wò, tó wá dá a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ọsàn, Ìyá Alábẹ́rẹ́ á ti mọ̀ kí onítọ̀hún tó jókòó.

Àwọ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Ègé aṣọ yòówù kí o mú wá, á gbé e sí ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á na ọwọ́ sí ògiri, òwú tó bá sì fà yọ, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tí aṣọ parí sí tí òwú ti bẹ̀rẹ̀. "Ohun tó bá jọra ló ń gbé pọ̀ láìsí wàhálà," ni ó máa ń wí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń ránṣọ, òun náà ló sì fi ń ṣe ayé.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tó lè bá a gbé inú ṣọ́ọ̀bù yẹn pẹ́. Àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò kéré. Ọ̀kan lọ nítorí pé ó ń kọrin. Ọ̀kan lọ nítorí pé kì í kọrin, ó kàn máa ń mí kíkankíkan bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ọkọ rẹ̀ nìkan, kí Ọlọ́run tó pè é, ló máa ń jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ tí ìjà kò ní ṣẹlẹ̀. Ìwé ìròyìn ni bàbá náà máa ń kà, kì í sì í gbé e kúrò lójú.

Ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Alábẹ́rẹ́ ń lọ ṣòkòtò oníbàárà kan, ó wá rántí pé etí rẹ̀ kù tí òun kò tíì ṣẹ́. Ó lọ sídìí fèrèsé láti ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Láyé àtijọ́, ìyẹn kì í gbà ju ìṣẹ́jú lọ. Ṣùgbọ́n ojú ti ń ṣe bàìbàì, ihò abẹ́rẹ́ ń sá síhìn-ín sá sọ́hùn-ún, òwú ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ó di ìjà. Ó bínú sí abẹ́rẹ́ náà débi pé kò rántí pé òun fi áyọ́ọ̀nù dojú dé ṣòkòtò. Àkọ́bí rẹ̀, ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ iná, ló ń kọjá lọ tó rí èéfín lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó máa fi wọlé fa wáyà yọ, ìdí ṣòkòtò ti lu jáde, àmì áyọ́ọ̀nù sì ti wọ inú pákó tábìlì lọ. Ìyá rẹ̀ ṣì ń bẹ nídìí fèrèsé, òwú lọ́wọ́ ọ̀tún, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ òsì.

"Màámi, mi ò ní bá yín jà," ni ọmọ wí.

"Ta ló ní kí o wá bá mi jà?"

"Ṣé ẹ rí i bí ẹ ṣe ń dá mi lóhùn? Ẹ jókòó ná. Kí ọdún yìí tó parí, ẹ wá ẹnì kan tí á máa wà níbí pẹ̀lú yín. Ẹni tó ní ojú, tó sì ní imú. Bí ẹ ò bá rí ẹni, èmi á wá gbé máṣíìnì lọ sílé mi. Yàrá wà níbẹ̀. Àga tó dáa wà níbẹ̀, mo ti gbé e sí iwájú tẹlifíṣọ̀n."

Ìyá Alábẹ́rẹ́ fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n èéfín ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ó gbà. Àga yẹn gan-an ló dẹ́rù bà á jù. Ó mọ irú rẹ̀. Ó mọ àwọn obìnrin tí ọmọ wọn gbé sórí irú àga bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́, tí wọn kò dìde mọ́ àyàfi bí wọ́n bá ń lọ gbàdúrà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni aránbàtà kan wá kan ilẹ̀kùn. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí tó wà ní òdìkejì títì ló máa ń jókòó sí, wọ́n sì ti ń wó ilé náà. Bàbá tín-ín-rín kan ni, láti orí fìlà dé ẹsẹ̀, àwọ̀ erùpẹ̀ ni gbogbo ara rẹ̀. Ó ní igun kékeré kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni òun ń bẹ̀bẹ̀ fún.

"Bàtà àti aṣọ kì í gbé pọ̀," ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ dá a lóhùn. "Gọ́ọ̀mù yín á máa rùn sí mi lára iṣẹ́."

Bàbá náà ní kò burú. Ó ra agboòrùn ńlá kan, ó lọ jókòó sábẹ́ òpó iná.

Ìyàwó ọmọ Ìyá Alábẹ́rẹ́ ló gbé ẹja wá. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìtọ́jú ojú, wọ́n sì ní irú ẹja bẹ́ẹ̀ ní yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà. "Màmá, dókítà ní bí ẹ bá rán nǹkan díẹ̀, kí ẹ máa gbé ojú sókè wo ohun mìíràn, kí ojú lè sinmi. Ẹ máa wo èyí."

Bẹ́tà ni wọ́n ń pè é. Ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ pupa, etí lẹbẹ rẹ̀ wá ṣú díẹ̀ sí búlúù. Àwọn lẹbẹ náà gùn, wọ́n fẹ̀, wọ́n ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú omi bí yẹ̀rì sílíkì tí wọ́n fún ní ìdí. Ìyá Alábẹ́rẹ́ dojú kọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́.

"Ta ló rán èyí?" ni ó bi ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Ọlọ́run ni, Màmá."

"Ó mọṣẹ́."

Ó gbé àpótí gíláàsì náà sórí pẹpẹ tó kọjú sí jígí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. Kò pẹ́ tí ẹja fi rí ara rẹ̀. Ó dúró ṣinṣin. Lẹ́yìn náà ó na gbogbo lẹbẹ tó ní, ó fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì. Inú Ìyá Alábẹ́rẹ́ dùn. Gbogbo ọdún tó ti fi ń ránṣọ, kò rí ẹni tó na aṣọ rẹ̀ síwájú jígí yẹn tí inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní, "O mọ̀ pé o rẹwà, àbí?" Bí oòrùn bá wá wọ̀, tí jígí ṣókùnkùn, ẹja á rọra wálẹ̀, á dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí bí aṣọ tó já bọ́ lórí ìkọ́. Ìyá Alábẹ́rẹ́ rí ìyẹn náà, ó sì túmọ̀ rẹ̀. Ẹja rí ẹnì kejì, inú rẹ̀ dùn; ẹnì kejì lọ, ó ń dárò. Ṣebí àwọn àgbà ló wí pé ẹgbẹ́ ẹja lẹja ń wẹ̀ tọ̀. Ó dá wà ni. Ó nílò alábàágbé, bí òun náà ṣe nílò rẹ̀.

Ó wá ṣe ohun tí aránṣọ máa ń ṣe. Ó wá inú àpò àjákù aṣọ títí ó fi rí pupa tó bá ara ẹja mu régí, ó gé e ní ìwọ̀n àtàǹpàkò, ó mú un dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́.

Ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja ṣókùnkùn, ó tutù, omi ń hó wúyẹ́wúyẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Ọkùnrin náà fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn.

"Màmá, ẹ káàsán. Irú ẹja wo lẹ fẹ́?"

"Irú èyí." Ó na ègé aṣọ sí i.

Ọkùnrin náà wo aṣọ, ó wo ojú rẹ̀. "Màmá, aṣọ nìyí."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo gé e. Ẹja kan wà lọ́dọ̀ mi, ó dá wà, mo fẹ́ wá ẹni tí wọ́n á jọ bá ara wọn mu."

"Irú ẹja wo ló wà lọ́dọ̀ yín?"

"Ẹja pupa. Aṣọ rẹ̀ gùn."

"Bí ó bá jẹ́ bẹ́tà ni, Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún yín pé…"

"Ọmọ mi, mo ti ń bá àwọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí ìwọ ṣì ń rákòrò. Èyí wo ni?" Ó ti tọ́ka sí gọ́pì kan, ẹja kékeré tí ìrù rẹ̀ pupa, tó tẹ́ rẹrẹ bí abẹ̀bẹ̀. Ó gbé ègé aṣọ sún mọ́ gíláàsì. Kò sí ìyàtọ̀. "Fún mi ní èyí."

Ọkùnrin náà la ẹnu, ó pa á dé. Oníbàárà tó ti dá ara rẹ̀ lóhùn, kí lèèyàn tún fẹ́ sọ fún un?

Ní àkókò kan náà ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ rán ìkíni sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń di àlùmágàjí mú bára mu, bí wọ́n ṣe ń gé òwú já bára mu, kódà ikọ́ tí wọ́n máa ń wú kí wọ́n tó gé aṣọ, ọ̀kan náà ni. Ìwà jọ̀wà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ̀rẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín gbà láti wá máa jókòó tì í. Ọmọ gbọ́, ọmọ dúpẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kìíní kò burú. Nínú àpótí gíláàsì, ẹja méjèèjì ń yí ara wọn ká. "Wọ́n ń kíra wọn," ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ wí. Lẹ́nu iṣẹ́, àwọn obìnrin méjèèjì náà ń yí ara wọn ká. Ẹlẹ́rìn-ín sún tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ó ní ìmọ́lẹ̀ á dára níbẹ̀. Ìyá Alábẹ́rẹ́ dúró dìgbà tó jáde, ó sún un padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó wọlé, ó bá gbogbo òwú rẹ̀ tí wọ́n ti tún tò láti orí tín-ín-rín dé orí nípọn. Àwọ̀ ewé dúró ti àwọ̀ àlùkò. Ó di ara rẹ̀ mú. Ó ka orin ìyìn kan sínú, ó tún kà á.

Oníbàárà kan ló bu epo síná. Ó fẹ́ rán aṣọ àwọ̀sọ́fíìsì. Ẹlẹ́rìn-ín gba apá ọ̀tún fi téèpù yí i lọ́rùn, Ìyá Alábẹ́rẹ́ gba apá òsì, òun náà fi téèpù tirẹ̀ yí i.

"Ọrùn róbótó ló máa bá a mu," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí.

"Ọrùn onígun ni. Ọrùn róbótó á sọ ojú rẹ̀ di àwo."

"Ọ̀gá wa kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀gá wa kọ́ ẹ pé kí o máa sún tábìlì onítábìlì ni?"

"Ṣé ìwọ rò pé mi ò mọ̀ pé o sún un padà? Bí àgbà tó ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò."

"Ẹ jọ̀ọ́," ni oníbàárà wí, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, "ọrùn kan ni mo ní."

Wọ́n tú u sílẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀. Kò padà wá.

Ẹlẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká téèpù rẹ̀. "Wò ó, ọ̀rẹ́ mi. Ọdún tí a ti ń ṣọ̀rẹ́ kò kéré, ṣé o mọ ohun tó gbé e ró? Ìwọ ní ṣọ́ọ̀bù tìrẹ, èmi ní tèmi. Jẹ́ ká máa rí ara wa níbi àdúrà. Ibẹ̀ la ti fẹ́ràn ara wa jù." Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dun Ìyá Alábẹ́rẹ́, nítorí bí ó bá bínú, òun ì bá rí nǹkan fi gbèjà ara òun.

Ó gbé ojú sókè láti sinmi ojú gẹ́gẹ́ bí dókítà ti wí. Kò rí gọ́pì. Ó dìde, ó wò títí, ó rí i lẹ́yìn òkúta kan, ó há ara rẹ̀ mọ́bẹ̀. Ìrù tó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ ti di fálafàla bí aṣọ tí eku jẹ. Bẹ́tà dúró lókè rẹ̀, ó na gbogbo lẹbẹ, ó fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó rí bó ṣe máa ń rí níwájú jígí gan-an. Ìyá Alábẹ́rẹ́ mú ife tíì, ó fi bu ẹja kékeré náà jáde. Ọdún kò ní pẹ́ parí mọ́.

Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, ọkùnrin náà wo ìrù gọ́pì, ó wo obìnrin náà.

"Kò sí ègé aṣọ lónìí, Màmá?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Sọ èyí tí mi ò jẹ́ kí o sọ lọ́jọ́sí."

Ọkùnrin náà da gọ́pì sínú omi mìíràn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní ìrù á hù padà. Lẹ́yìn náà ó gbé àga fún un. "Akọ bẹ́tà, bó bá rí ẹja tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí aṣọ rẹ̀ gùn, kò ní rò pé àlejò ni. Á rò pé bẹ́tà bíi tòun ló wá gba ilé òun. Bó bá ṣe jọ ọ́ tó ni ìjà ṣe máa pọ̀ tó. Àgbò méjì kì í mumi nínú igbá kan."

"Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ máa ń dùn bó bá rí ara rẹ̀ nínú jígí."

"Jígí wo?"

"Jígí tí wọ́n fi ń wọ aṣọ wò. Ó kọjú sí i."

Ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tó ti dé."

"Màmá, kì í ṣe inú dídùn. Ìjà ni. Láti ìgbà tó ti dé ló ti ń bá ara rẹ̀ jà, kò tíì sinmi."

Ìyá Alábẹ́rẹ́ rò ó wò. Wọ́n gbé ẹja wá kí ojú òun lè sinmi, òun kò sì jẹ́ kí ẹja sinmi.

"Ta ló wá lè bá a gbé?" ni ó béèrè nígbẹ̀yìn.

"Ẹni tí kò jọ ọ́. Tí kò wọ aṣọ gígùn, tí kò ní àwọ̀ tó ń pariwo. Tí ibùgbé rẹ̀ nínú omi kì í ṣe ibi tí bẹ́tà fẹ́ràn, tí oúnjẹ rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ bẹ́tà. Tí kò sì ní máa gé e nírù jẹ, torí àwọn ẹja kéékèèké kan wà tí ìyẹn niṣẹ́ wọn. Báwo ni àpótí yín ṣe tóbi tó?"

Ó fi ọwọ́ júwe.

"Ó kéré. Àwọn ẹja onírùngbọ̀n kan wà tó máa ń ṣa nǹkan jẹ ní ìsàlẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í dá gbé, àyè yín kò ní gba gbogbo wọn. Ìgbín omi ni mo máa fún yín."

"Ìgbín? Mi ò ní kí o fún mi ní ẹran ọbẹ̀."

"Ara gíláàsì ló máa ń rìn, á máa jẹ nǹkan tútù tó ń yọ̀ tó bá hù síbẹ̀. Bí bẹ́tà bá wá fín in níràn, á wọlé, á tilẹ̀kùn."

Ìyá Alábẹ́rẹ́ wò ó. Ohun àwọ̀ ilẹ̀ kan ló lẹ̀ mọ́ gíláàsì bí bọ́tìnnì. "Kò ní àwọ̀ kankan."

"Ìdí nìyẹn. Ẹ fi ewé omi sí i kí olúkálukú lè ní ibi tó máa fara pamọ́ sí. Ẹ sì ní ìkòkò mìíràn nílẹ̀, bí kò bá bọ́ sí i, kí ẹ tètè yà wọ́n. Bẹ́tà mìíràn wà tí kì í gba ẹnikẹ́ni. Mo ní ọ̀kan nílé. Mo fi edé kéékèèké sí i, mo rò pé alábàágbé ni mo mú wá. Oúnjẹ ọ̀sán ni mo gbé kalẹ̀ fún un."

"Kí lo wá ṣe fún un?"

"Mo fi í sílẹ̀. Ó ń dá gbé, ara rẹ̀ le. Ìyẹn náà kò burú, Màmá."

Ó gbé ìgbín sínú láílọ́ọ̀nù lọ sílé, ó rọra ń rìn kí omi má bàa mì. Kí ẹja máa dá gbé kò burú, ẹja kì í lo áyọ́ọ̀nù. Ó máa ń rojọ́ fún Ọlọ́run lójú ọ̀nà, kì í ṣe pé ó ń retí èsì, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ṣàkíyèsí pé Ọlọ́run kì í kánjú dá òun lóhùn. Lọ́jọ́ náà ó ní, "Olúwa, àbí èmi gan-an ni bẹ́tà…" Kò tíì parí rẹ̀ tí èsì fi dé.

Ó rán kọ́tìnnì sí jígí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ aṣọ wò á fà á sí ẹ̀gbẹ́, bó bá ṣe tán á fà á dé. Ó gbin ewé sínú àpótí, ó gbé ìgbín síbẹ̀, ó mú ife tíì dání, ó dúró. Bẹ́tà sáré dé. Ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. Ó fi ẹnu kan ìwo rẹ̀. Ìgbín wọlé, ó tilẹ̀kùn. Bẹ́tà dúró bí ẹni tó wá sin gbèsè tí onílé ní òun kò sí nílé. Nígbà tó sú u, ó yí padà, ó lọ sábẹ́ ewé. Ó pẹ́ kí ìgbín tó yọjú, ó sì bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, gíláàsì náà kò yàtọ̀.

Nígbà náà ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ sọdá títì, ó lọ sábẹ́ òpó iná.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé, Màmá." Aránbàtà ń lu awọ, kò gbé ojú sókè. "Bàtà wo ló já?"

"Kò sí bàtà tó já. Igun tí ẹ béèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́sí, ṣé ẹ ṣì ń fẹ́ ẹ?"

"Ẹ ní bàtà àti aṣọ kì í gbé pọ̀."

"Mo wí bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá yí i padà?"

"Ẹlẹ́ja kan ló gbà mí nímọ̀ràn."

Bàbá náà wá gbé ojú sókè. "Ẹlẹ́ja ló ní kí ẹ gba aránbàtà?"

"Ẹ má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ẹ máa ń kọrin?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ máa ń mí kíkankíkan?"

Ó ronú sí i. "Màmá, mo máa ń mí o."

Wọ́n fẹnu kò. Àpótí ìjókòó rẹ̀ á wà nílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìta ni á ti máa lo gọ́ọ̀mù. Oníbàárà tirẹ̀ á máa bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Alábẹ́rẹ́ á rán kọ́tìnnì kejì, á fi pààlà igun náà. "Ẹ má sì tíì ju agboòrùn yín nù," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ òpó. Bí a ò bá lè gbé e, kí ẹ rí ibi padà sí."

"Ọ̀rọ̀ àgbà lẹ sọ," ni aránbàtà wí.

Ọ̀rọ̀ kì í ṣaláì tàn ká. Ẹlẹ́rìn-ín bá a níbi àdúrà, ó yọ́ wí fún un pé, "Wọ́n ní o ti lọ́kọ."

"Ọkọ tí mo fi kọ́tìnnì dí mọ́ igun?"

"Èwo nínú ọkọ ayé ni kò yẹ kí wọ́n fi kọ́tìnnì dí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹni tó wà níwájú fi bojú wẹ̀yìn.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn. Òòlù aránbàtà ń dún kò-kò-kò, Ìyá Alábẹ́rẹ́ ń ka ìró rẹ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn. Lọ́jọ́ kan ó fa kọ́tìnnì, ó ní, "Òòlù yìí, ṣé kò lè rọra?"

"Máṣíìnì yín náà ń dún, Màmá," ni bàbá náà wí jẹ́jẹ́. "Mi ò sọ nǹkan kan."

Ó fẹ́ dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu, ó mú, ó dára. Ojú rẹ̀ bọ́ sí àpótí gíláàsì, ó rí ìgbín tó ń gba ẹ̀yìn bẹ́tà kọjá láìbéèrè nǹkan kan. Ó fa kọ́tìnnì padà. Òun gan-an kò mọ̀ pé máṣíìnì òun máa ń dún.

Ọdún ń parí lọ ni ọmọ rẹ̀ dé. Ọkọ̀ akẹ́rù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbé wá. Iṣẹ́ ti gbé e jìnnà fún ìgbà díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó gbọ́ ni pé Ẹlẹ́rìn-ín ti lọ. Ó kí ìyá rẹ̀, ó wo máṣíìnì bí ẹni tó ń wo bí òun ṣe máa gbé e.

"Màámi, a ti jọ sọ ọ́."

"A ti jọ sọ ọ́, mi ò sì gbàgbé. Ẹnì kan wà níbí."

"Níbo?"

Ó nawọ́ sí kọ́tìnnì. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ ohùn kan ní, "Ẹ kú àbọ̀, sà." Òòlù sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ọmọ rẹ ohùn sílẹ̀. "Aránbàtà? Màámi, ẹni tó lè bá yín ránṣọ ni mo ní kí ẹ wá."

"Ojú àti imú lo wí. Mo rántí."

"Imú wo ló kù lára ẹni tó ń fi gọ́ọ̀mù ṣiṣẹ́?"

Ìyá Alábẹ́rẹ́ náà ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn rí. Ẹ̀wù kan wà lórí tábìlì áyọ́ọ̀nù tó ń lọ kí ọmọ tó wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ń sọ ti ẹja, ó ń sọ ti ìgbín, ó ń bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó ṣe sùúrù, ó sì mọ̀ bí ó ti ń sọ ọ́ pé kò bọ́gbọ́n mu létí ẹni tó gbé ọkọ̀ wá. Ọmọ ń mi orí. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti wo ẹsẹ̀ máṣíìnì, bóyá wọ́n á lè tú u.

Òòlù dákẹ́.

"Màmá," ni aránbàtà wí láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀, "áyọ́ọ̀nù."

Ìyá Alábẹ́rẹ́ yí padà, ó gbé e sókè. Abẹ́ rẹ̀ gbóná gan-an, ẹ̀wù kò tíì pọ́n rárá. Ọmọ rẹ̀, tí iná jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, tó dúró nítòsí ibẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, kò gbóòórùn nǹkan kan. Ó lọ fọwọ́ kan aṣọ náà. Ó wo àmì àtijọ́ tó wà lára pákó. Òòlù tún bẹ̀rẹ̀.

Ó jókòó. Ó pẹ́ tó fi jókòó, ìyá rẹ̀ sì padà sídìí iṣẹ́, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

"Ṣé bí ẹ ṣe máa ń ṣe nìyí?" ni ó béèrè nígbẹ̀yìn. "Ẹ kì í bára yín sọ̀rọ̀?"

"A ti sọ̀rọ̀ lónìí."

"Kí lẹ sọ?"

"Áyọ́ọ̀nù."

Ọmọ fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dìde, kò tún wo ẹsẹ̀ máṣíìnì. "Àga yẹn ńkọ́?"

"Fún ìyàwó rẹ. Orí ìdúró ni nọ́ọ̀sì máa ń wà látàárọ̀."

Ọkọ̀ òfìfo yí padà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Alábẹ́rẹ́ na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnnì, abẹ́rẹ́ àti òwú wà láàárín ìka rẹ̀, ọwọ́ aláwọ̀ erùpẹ̀ kan gbà á, ó sì dá a padà pẹ̀lú òwú nínú rẹ̀. Ó rán etí ẹ̀wù náà débi ìdajì. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè láti sinmi. Bẹ́tà sùn sórí ewé kan, ó ká gbogbo aṣọ rẹ̀ mọ́ra. Ìgbín wà lára gíláàsì, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń jẹun.